Ṣéènì Bàbá Oníbúrẹ́dì

Ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ojú Bàbá Oníbúrẹ́dì rí láàárọ̀ àná? (Mo dáyé ṣáájú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo rí i fín.)

Kẹ̀kẹ́ Raleigh rẹ̀ yẹn ni. Ariwo ṣéènì rẹ̀ ló ń jí wa ṣáájú ìpè àsùbáà. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìsàlẹ̀ òpópó wò ó, ó ní ṣéènì ti jẹ, firíwíìlì eléyín tó wà lẹ́yìn ti bá a lọ, kó pààrọ̀ méjèèjì. Bàbá ní olè ni, ṣéènì nìkan lòun ó rà. Ahun! Ẹni tó gbé búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta wá síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀.

Ṣéènì tuntun ń dán yinrin. Ó dé iwájú ilé opó tó ń ta aṣọ, ẹ mọ̀ ọ́n, ló bá na àyà, ó dìde dúró lórí pẹ́dàlì. Kàtà! Ṣéènì fò lórí eyín. Kàtà-kàtà! Ẹsẹ̀ yọ̀, búrẹ́dì dà sílẹ̀, ewúrẹ́ Alájì gbé ọ̀kan sá lọ.

Èmi ń lọ da omi nù ni o. Bàbá tó bí mi, kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe títí ó fi kú, mo bá ní kí ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ tó ti ń lọ sílé-ìwé mú rúlà rẹ̀ wá, oní-íǹṣì 12. Ṣéènì kì í nà bí rọ́bà. Ìdí píìnì ló ń jẹ, tí àlàfo ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi òdo rúlà sí àárín píìnì kan. Bí ṣéènì bá jẹ́ tuntun, àárín píìnì mìíràn ló máa wà lórí 12 gẹ́lẹ́. Bó bá fi ìdá kan nínú 16 íǹṣì kọjá, ẹ pààrọ̀ ṣéènì nìkan, ẹ ti gba firíwíìlì là. Bó bá kọjá dé ìdá kan nínú 8, eyín ẹ̀yìn ti bá a jẹ, ṣéènì tuntun ò ní jókòó níbẹ̀ mọ́.

Ṣéènì àtijọ́ ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì, ahun kì í da nǹkan nù. A wọ̀n ọ́n: ó ju ìdá kan nínú 8 lọ dáadáa. Eyín firíwíìlì sì ti tẹ̀ ṣóńṣó bí eyín ajá. Ti iwájú ò tíì ṣe nǹkan. Eyín tiẹ̀ pọ̀, kì í tètè jẹ.

Ó ra firíwíìlì lọ́sàn-án àná. Owó búrẹ́dì ewúrẹ́ ló kù tó ń bá Alájì fà. Rúlà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi o. Ẹ bá mi sọ fún Ìyá Ẹlẹ́kọ pé n kò jí i.