Ìsinmi Ọlọ́mọ Wẹ́wẹ́

Ẹni tó bí ọmọ tí kò tíì lè dá bàtà wọ̀, tó wá ní òun fẹ́ lọ gbafẹ́ kára lè tu òun, ẹ bá mi bi í: ta ni yóò gbà fún un?

Àwa Yorùbá tí à ń gbé Oregbeni ní ìpínlẹ̀ Ẹdó kò kúkú ṣàìríbi lọ. Òkè Ìdànrè wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Ọmọ ọdún 4 á gun ogún péré, á nawọ́ sókè: “Dádì, ẹ gbé mi.” Ẹ ò tíì dé àárín, á ní òun fẹ́ tọ̀. Ìsun omi Ìkogòsì ńkọ́? Omi gbígbóná àti omi tútù pàdé níbẹ̀, ìyanu ni; ẹkún làwọn ọmọ sì máa fi kúrò nínú rẹ̀. Igbó Òkòmù tiẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó níbí, erin ń bẹ níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ rí erin gbọ́dọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ọmọ yín.

Ní tèmi, ibi ìgbafẹ́ tó dára jù ni ilé màmá ìyàwó mi ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ kó wọn débẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ ní iṣẹ́ pọ̀, kí ẹ padà wá sùn ní Oregbeni. Ṣùgbọ́n Màmá ti ń fura. Nígbà tí mo pè wọ́n lánàá, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ wá sinmi lọ́dọ̀ wa, àwọn á sì mú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi dání.