Ààrò Mẹ́ta àti Kábínẹ́ẹ̀tì Mẹ́rìnlá

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òkúta méjì kò lè gbé ìkòkò dúró, ìkẹrin sì di àṣejù. Àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò rí irú ilé ìdáná tó gbòde báyìí ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí kábínẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá ti kọ́ sára ògiri, tí ọbẹ̀ kò sì dànù rí, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í se ọbẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ọbẹ̀ wà, lórí ààrò mẹ́ta ọjọ́sí, lọ́dọ̀ ìyá tó ń fi etí ìró nu omi ojú.

Ilé ìdáná àtijọ́ ní ìdí tó fi rí bó ṣe rí. Igun àgbàlá ni wọ́n ń kọ́ ọ sí kí iná má baà ràn mọ́ òrùlé ewé. Pẹpẹ tó wà lókè ààrò kì í ṣe ọ̀ṣọ́: èéfín ló ń gbẹ ẹran, ata àti àgbàdo irúgbìn orí rẹ̀, tí kòkòrò kò fi lè jẹ wọ́n. Nígbà tí páànù rọ́pò ewé, èéfín kò rí ibi yọ́ gbà jáde mọ́. Ògiri dúdú, ojú ń ta, àyà ń dùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé pa ènìyàn tó mílíọ̀nù 3.2 káríayé ní ọdún 2020. Nítorí náà, àtúnṣe tọ́. Ibi tí owó rẹ̀ ń gbà lọ ni kò tọ́.

Ojú àlejò ló ń gbà lọ. Táìlì tó ń dán bíi dígí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rà, láìrántí pé odó yóò jókòó lé e. Kí iyán tó kúnná, táìlì ti sán. Wọ́n á ra sítóòfù gáàsì olójú márùn-ún tí orí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, bẹ́ẹ̀ ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ tí ẹbí ń gbé kaná lọ́jọ́ Iléyá tóbi ju ojú márààrún lọ. Òkè sítóòfù náà ni wọ́n kan ẹ̀rọ afèéfín sí, èyí tí kì í fa nǹkan kan bí kò bá síná. Ẹnu ẹ̀rọ omi tẹ̀ bí ọrùn lékelèké, omi kò wá. Kẹ́ẹ̀gì ló dúró ti síǹkì bí ẹ̀ṣọ́.

Ti kábínẹ́ẹ̀tì ló pani lẹ́rìn-ín jù. Ìlú igi ni Ìjẹ̀bú-Igbó. Ariwo ẹ̀rọ ìlagi kò ṣàjèjì níbẹ̀, wọ́n sì mọ ìrókò, ọ̀gànwó àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ bí ẹni mọ owó. Síbẹ̀ onílé á kọjá níwájú pákó wọ̀nyí, á wọkọ̀ lọ sí Èkó, á ra pátákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti àtè tẹ̀ ní òkè òkun. Bí omi bá kán sí i, á wú bí búrẹ́dì inú tíì. Ní etí ọ̀sà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, kò tilẹ̀ dìgbà tí omi bá kán. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ti tó o.

Owó kékeré mọ iṣẹ́ ṣe bí wọ́n bá rán an níbi tó yẹ. Èéfín ni àkọ́kọ́. Fèrèsé méjì tó kọjú síra, àti àlàfo onínẹ́ẹ̀tì lábẹ́ òrùlé, á ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń dúró de iná kó tó ṣe. Ìta ni sílíńdà gáàsì ń gbé, kí rọ́bà rẹ̀ gba ara ògiri wọlé. Inú kábínẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ń tì í mọ́, kó má baà ba ẹwà jẹ́. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń wọ́ sí, nítorí náà ìsàlẹ̀ ògiri ni ihò tí yóò gbé e jáde gbọ́dọ̀ wà.

Omi ló kàn. Táǹkì géépéè lórí ìdúró gíga á ti omi dé síǹkì. Páìpù omi ìdọ̀tí ní láti dà gẹ̀rẹ́ lọ síta, kó sì tẹ̀ lábẹ́ síǹkì bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, kí omi tó dúró níbi tó ti tẹ̀ náà dínà òórùn. Lẹ́yìn èyí ni tábìlì kọnkéré. Ìbàdí ẹni tó ń dáná ni kí wọ́n fi wọn gíga rẹ̀, kì í ṣe ìbàdí bíríkìlà. Pákó ọ̀pẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tó fún ìkòkò àti àwo; kọ́tìnì lè ṣe ilẹ̀kùn.

Ní Àgọ́-Ìwòyè, àyè gan-an ló ṣọ̀wọ́n. Láti ọdún 1982 tí wọ́n ti dá yunifásítì tó ń jẹ́ Olabisi Onabanjo lónìí sílẹ̀, yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ti di ọjà. Onílé mìíràn á gé igun yàrá, á pè é ní kíṣìnì, á sì bu owó lé owó ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ro ẹ̀bà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde síta kí apá rẹ̀ tó lè nà.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń yan ẹja ní Ìwopin àti Màkún-Omi, ní Ogun Waterside, èéfín gan-an ni iṣẹ́; ẹni tó bá lé e dànù lé owó dànù. Èéfín náà kàn ń fẹ́ àtíbàbà tirẹ̀ ni, kúrò níbi tí ọmọ ń sùn. Irú ààrò tí wọ́n ń lò ní Chorkor, ní Accra, láti nǹkan bí ọdún 1970, bá irú ibẹ̀ mu: ògiri amọ̀ tàbí bíríkì ni, tí wọ́n ń to àwo onínẹ́ẹ̀tì léra lórí rẹ̀, tí èéfín kan náà ń gba inú gbogbo wọn kọjá, tí igi kì í sì í jó púpọ̀.

Ààrò mẹ́ta ẹ̀yìnkùlé kò ní láti lọ. Òpó mẹ́rin àti páànù díẹ̀ tó láti bò ó. Lọ́jọ́ ìnáwó, ibẹ̀ náà ni ìkòkò ńlá yóò jókòó sí, nígbà tí àwọn àlejò bá ń ya fọ́tò níwájú kábínẹ́ẹ̀tì.