Ọ̀tún Wẹ Òsì, Ológbò Ò Sí Níbẹ̀

Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọwọ́ méjèèjì ló dọ̀tí, ọwọ́ méjèèjì ló fẹ́ mọ́, ọ̀kan kò sì bínú sí èkejì. Ẹ wá gbé ológbò sáàárín ọwọ́ méjèèjì yẹn, kí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ṣampú olóòórùn òdòdó kún un, ká wò ó bóyá òwe á dúró.

Ó ti ń dàṣà láwọn ilé kan báyìí, láti Lẹ́kí dé Bódìjà, pé kí wọ́n máa wẹ̀ fún ológbò. Ẹran tí wọ́n ń ju orí ẹja gbígbẹ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò láyé ìyá wa ti ní ọjọ́ ìbí, ó ti ní orúkọ òyìnbó, ó ti ní àwo oúnjẹ tirẹ̀. Ìyẹn ò burú. Ẹni tó bá pàdé ológbò dúdú lóru nígbà náà á tutọ́ sílẹ̀, á ní àjẹ́ ni. Bí ìfẹ́ bá ti wá rọ́pò irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀, ká dúpẹ́ ló yẹ wá. Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ yìí nìkan ni kò yé mi.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń rí. Òwúrọ̀ Sátidé ni. Bàbá Ìbejì ti wọ bàtà òjò, ó ti fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà bọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Ìyá Ìbejì gbé fóònù dání, torí ìwẹ̀ tí kò bá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ta ni yóò gbà pé wọ́n wẹ̀ ẹ́? Ọmọ ọ̀dọ̀ gbé táwẹ̀lì dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Omi kan ológbò lẹ́sẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó pe Jésù, ó ti gun Bàbá Ìbejì láyà, ó ti gba èjìká rẹ̀ kọjá, ó ti fi èékánná kọ lẹ́tà sí i lẹ́yìn, ó sì ti wà lókè kọ́tìnnì pálọ̀ pẹ̀lú ìfófòó ọṣẹ lórí.

“Dádì, ẹ mú un! Ẹ mú un, mo ṣì ń ya fídíò!”

“Ọwọ́ wo ni kí n fi mú un?”

Màmá àgbà tó wá kí wọn láti Ìkìrun jókòó sórí àga, ó ń wò wọ́n. Láti ọjọ́ tó ti dé, kò tíì sí ẹni tó bá a fọ ẹ̀yìn. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló dà sí i lára?” Wọ́n ní kò sí nǹkan tó dà sí i lára. “Ṣé ó ń rùn ni?” Wọ́n ní kò rùn. Màmá ní kò burú, pé bí wọ́n bá ti ṣe tán, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun tọ́jú omi tó bá ṣẹ́kù, ara ń yún òun.

Òótọ́ ni wọ́n sọ fún màmá, ológbò náà kò dọ̀tí. Ẹ̀gún kéékèèké ló kún orí ahọ́n rẹ̀, gbogbo wọn sì kọjú sí ọ̀nà ọ̀fun. Lọ́dún 2018, Alexis Noel àti David Hu, àwọn onímọ̀ ní Georgia Tech ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ẹnu àwọn ẹ̀gún yìí ní ihò tóóró tó ń fa itọ́, tó sì ń gbé e gba inú irun kọjá dé awọ ara. Omi, kànìnkànìn àti kóòmù, ẹnu kan ṣoṣo ló kó gbogbo rẹ̀ sí. Itọ́ yẹn náà ló sì ń tù ú lára nígbà ooru. Nínú àkókò tí kò fi sùn, ó lè fi tó ìdá kan nínú mẹ́rin tọ́jú ara rẹ̀. Nínú àwa tí à ń lé e kiri pẹ̀lú ṣampú, ta ló ń wẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ilẹ̀ gbígbẹ ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá. Bí irun rẹ̀ bá rin gbingbin, á wúwo, otútù á mú un, òórùn ara tó fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀ á sì bá omi lọ. Àwọn kan wà tó yàtọ̀ o. Wọ́n ní ológbò agbègbè Adágún Van ní ilẹ̀ Tọ́kì a máa lúwẹ̀ẹ́. Sphynx tí kò nírun, tó bẹ̀rẹ̀ ní Toronto lọ́dún 1966, ń fẹ́ ìwẹ̀ lóòótọ́, torí òróró ara rẹ̀ kò rí irun wọ̀ sí. Èyí tó wà ní pálọ̀ yín, Mùṣin lẹ ti rà á.

Lójú tèmi, òwe ọ̀tún àti òsì ti ṣẹ láàárín àwa àti ológbò tipẹ́tipẹ́. Ní erékùṣù Sáípírọ́ọ̀sì, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ibojì kan tí wọ́n sin ológbò sẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn níbẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 9,500 sẹ́yìn. Àgbẹ̀ kó ọkà sílé, ọkà pe èkúté, èkúté pe ológbò. Ó gbá èkúté kúrò nínú àká wa, àwa náà fún un níbi tó máa sùn. Kò sí ṣampú nínú àdéhùn yẹn. Títí dòní, ní Ọ̀wọ̀ àti àyíká rẹ̀, níbi tí ibà Lassa tí èkúté ń gbé kiri ti pa èèyàn, iṣẹ́ ológbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹ wá fi òórùn òdòdó kun ọdẹ lára, kí èkúté lè ti ìdí àpò ìrẹsì mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Àṣejù tún ni baba àṣetẹ́. Àwọn kan a máa da oògùn apakòkòrò sínú omi ìwẹ̀ náà, irú èyí tí ń sọ omi di funfun. Ẹ dákun, ẹ má ṣe é. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè tú àwọn èròjà kan nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ ká bí ẹ̀dọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe, ohunkóhun tí ẹ bá sì fi pa á lára, yóò lá a, yóò gbé e mì. Májèlé ni òróró tea tree fún un. Oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin lè pa á pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ràn ológbò rẹ̀, kó ka ara ìgò kó tó ṣí i.

Ní ti Bàbá Ìbejì, ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Ìlànà àwọn oníṣègùn ni pé bí ẹranko tí a fura sí bá géni jẹ tàbí tó ha ni lára, kí a fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, ká tó sáré lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí àrùn dìgbòlugi. Bàbá Ìbejì ló wá dúró nídìí ẹ̀rọ omi, tí ọ̀tún ń wẹ òsì, tí òsì ń wẹ ọ̀tún. Ìyá Ìbejì ń ya fídíò ìyẹn náà.

Ìgbà kan wà tí ìwẹ̀ di dandan. Bí epo mọ́tò bá dà sí i lára lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má jẹ́ kó lá a. Bí dókítà ẹranko bá ní lápálápá ló mú un, tàbí tó di arúgbó tí ẹnu rẹ̀ kò dé ẹ̀yìn mọ́, ẹ wẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, èyí tí Bàbá Ìbejì gbàgbé. Ẹ ti gé ṣóńṣó èékánná rẹ̀ ṣáájú. Ẹ tẹ́ aṣọ sí ìsàlẹ̀ báàfù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má yọ̀, kí omi má kọjá ikùn rẹ̀, kó má sì dé etí. Ṣampú ológbò ni kí ẹ lò, kí ẹ ṣàn án kúrò dáadáa. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ ní pálọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ nù ún, kí ẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Á wọ abẹ́ àga lọ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ahọ́n wẹ ara rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ìrù, torí ohun tí ẹ ṣe fún un yẹn, òun ò pè é ní ìwẹ̀.