Ilé Là Ń Wò, Ṣùgbọ́n Ẹ Kọ́kọ́ Sanwó Ná

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Éjẹ́ǹtì Èkó ò bá wọn jiyàn, àfi pé lọ́dọ̀ tirẹ̀, owó ni ọmọ, ó sì ti lórúkọ rẹpẹtẹ kí ilẹ̀kùn ilé tó ṣí. Èyí tí ẹ san kí wọ́n tó mú yín dé ẹnu géètì ń jẹ́ ìnsípẹ́kíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù. Ìbejì ni àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sábà máa ń gbé lọ. Kọ́ṣọ̀n, owó ìdógò, ni Ìdòwú wọn, olórí kunkun. Wọ́n ní yóò padà wálé lọ́jọ́ tí ẹ bá kó jáde; ẹ máa retí rẹ̀.

Ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ á wádìí ìdílé ọmọbìnrin náà títí kan ẹni tó ya wèrè níbẹ̀ láyé òyìnbó. Ẹni yìí kan náà, kí éjẹ́ǹtì ṣáà fi fídíò yàrá méjì ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kó ní àwọn mẹ́ta mìíràn ti ń bọ̀ wá sanwó, kò ní béèrè orúkọ onílé mọ́. Inú àkáǹtì éjẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló máa sanwó sí, á tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. (Nígbà mìíràn, òótọ́ ni pé àwọn mẹ́ta yẹn wà: gbogbo wọn ló ti sanwó yàrá kan náà.)

Ìgbà tí owó ti lọ tán ni ìwé àdéhùn tó dé. Agbẹjọ́rò onílé ló kọ ọ́, ayálégbé ló sanwó iṣẹ́, orúkọ ẹni tó gbé ibẹ̀ kẹ́yìn ṣì wà lójú ewé kẹta. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ayálégbé ni yóò máa tún òrùlé ṣe. Ayálégbé ní òun ò ní fọwọ́ sí i, kí wọ́n dá owó òun padà. Ìgbà yẹn ni wọ́n tún ọmọ sọ lórúkọ! Owó tó ń jẹ́ àsansílẹ̀ ní Ọjọ́rú ti di kọmítímẹ́ǹtì ní Ọjọ́bọ̀, wọn kì í sì í dá kọmítímẹ́ǹtì padà. Éjẹ́ǹtì ní owó ti dé ọ̀dọ̀ onílé. Onílé ní ọ̀dọ̀ lọ́yà ló wà. Lọ́yà ní òun ti ṣe iṣẹ́ tòun.

Òfin kúkú wà. Òfin Ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011, láyé Gómìnà Fáṣọlá, ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ni ìjìyà rẹ̀. Ó ní kí wọ́n já rìsíìtì owó ilé, kí wọ́n já ti owó ìdógò lọ́tọ̀, kí wọ́n sì ṣírò bí wọ́n ṣe ná an fún ayálégbé, ó kéré tán ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, bí ẹni pé wọn kì í yá ilé gbé níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn àbúrò wa já pa lọ, òfin 2019 ní owó tí a fi ń di ilé mú kò gbọdọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bí onílé bá yí ọkàn padà, kó dá a padà láàárín ọjọ́ méje. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ yẹ àdéhùn, ó lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n owó ọ̀sẹ̀ kan náà ni.

Níbí, ẹ ní kí éjẹ́ǹtì kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé owó á padà bí ẹ ò bá fọwọ́ sí ìwé. Á ní ẹ ò tíì ṣe tán láti gbalé. Bí ẹ bá sì ti sanwó ná, ọ̀rọ̀ ìtùnú kan ló kù lẹ́nu rẹ̀: “Ọ̀gá mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wá sanwó ilé náà, tirẹ̀ la máa fi san tiyín.” Ni ayálégbé tó sá fún títún òrùlé ṣe bá gbé fídíò yàrá náà sórí ìsítátọ́ọ̀sì WhatsApp rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ilé náà tutù, kò jìnnà sí títì, kí ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i tètè pe òun.