Eré Ojú Ayé

Gbogbo ibi tó ń dùn mí lẹ́sẹ̀ ló ní ẹlẹ́rìí. Èékánná àtàǹpàkò tó dúdú, ojúgun tó ń ta mí, gìgísẹ̀ tí kì í fẹ́ tẹ ilẹ̀ láàárọ̀: kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ ní kọ̀rọ̀ nínú wọn. Níbi tí kò bá ti sí ojú, jẹ́jẹ́ ni mo máa ń sáré, ẹsẹ̀ mi kì í sì í ṣe mí ní nǹkan kan. Ìgbà tí mo bá rí èèyàn ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Eré ọ̀nà jíjìn ti Èkó ni mo ń múra fún, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2016, tí wọ́n gbéra láti Pápá Ìṣeré ní Sùúrùlérè tí wọ́n sì parí rẹ̀ sí Eko Atlantic létí òkun. Kìlómítà 42.195 ni. Ẹni tó bá gbéra láti Ìwó tó sá a tán, yóò ti máa rí òrùlé Ìbàdàn lọ́ọ̀ọ́kán. Nítorí pé oṣù Kejì ni wọ́n sábà máa ń sá a, inú ọyẹ́ ni èèyàn ti gbọ́dọ̀ múra. Èmi tí mo sì ń múra ọ̀hún, mo ti lé lógójì ọdún, ikùn mi ló sì ń ṣáájú mi wọlé.

Ìwó kì í ṣe ibi tí àgbàlagbà ti ń sáré láìnídìí. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Odindi ìlú ló gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde, ìyá ẹlẹ́kọ kan sọ ìgbakọ sílẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ní, "Yéè, ta ló kú?" Mi ò tíì rí èsì fọ̀ tí ọlọ́kadà kan fi sún mọ́ mi, tó dín eré kù. "Bàbá, ẹ gùn ún, mi ò ní gbowó. Ibo ni olè ọ̀hún gbà?"

Mo ní kò sí olè, eré ìdárayá ni. Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà o, Bàbá." Ohùn tí wọ́n fi ń kí aláìsàn ló fi sọ ọ́. Ó dùn mí. Kó lè mọ̀ pé ara mi dá, mo ki eré mọ́lẹ̀, mo bá ọkadà du ọ̀nà títí ó fi yà sí ọ̀nà Olúpọ̀nnà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ojúgun ti bẹ̀rẹ̀. Iwájú ojúgun kò lẹ́ran lórí. Bí èèyàn bá ṣàdédé fi kún eré tí ara kò tíì mọ̀, ibi tí iṣan ti so mọ́ eegun náà á gbóná, á sì máa ta onítọ̀hún lóru tí gbogbo ilé bá ti sùn.

Ẹjọ́ kejì, ẹjọ́ bàtà ni. Òkìríkà ni mo rà, ní ọjà Òdò-Orí. Nọ́ńbà 44 ni ẹsẹ̀ mi, 43 ni bàtà. Ṣùgbọ́n ó pupa fòò, ó sì ní ìlà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ṣì ń fi ipá ti gìgísẹ̀ wọ inú rẹ̀ nígbà tí obìnrin kan tó ń kọjá ní, "Ó mà yẹ yín o, Dádì!" Lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò wá ní bàtà kò gba òun? Mo sanwó. Ẹsẹ̀ ẹni tó bá pẹ́ lórí eré máa ń wú díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí àyè bí ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ ṣẹ́kù níwájú bàtà. Nínú tèmi, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló ń kanlẹ̀kùn pé kí wọ́n jẹ́ kí òun jáde.

Dípò kí n pa bàtà náà tì, mo lọ rántí ìtàn. Ní ọdún 1960, ní ìlú Róòmù, bàtà tuntun ń há Abebe Bikila ọmọ Ethiópíà lẹ́sẹ̀, ló bá fi ẹsẹ̀ lásán sá eré náà. Ó gba góòlù ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 16. Kò sí ẹni tó tíì sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé nígbà náà. Nídìí ọpọ́n ayò ládùúgbò wa ni mo ti ń ro ìtàn yìí fún àwọn ọ̀dọ́, bí mo sì ṣe ń rò ó ni mo ń tú okùn bàtà. Ohun tí mi ò rò mọ́ ọn ni pé Bikila ti fi ẹsẹ̀ lásán sáré dáadáa kó tó dé Róòmù. Tèmi, láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń wọ sáńdà.

Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi kan iwájú ilé kan tí wọ́n da èèpo èkùrọ́ sí, kí ẹrẹ̀ má baà yọ èèyàn. Ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́ rí mọ̀ pé kò sí ẹ̀gbẹ́ tó dọ́gba lára rẹ̀. Bí èyí bá yẹ̀, òmíràn á gún ọ. N kò sì lè yà, àwọn aláyò ń wò mí lẹ́yìn. Mo sá a já. Mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá jí, ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì ló máa ń burú jù, ńṣe ni mo ń di ògiri mú. Ìyàwó mi wò mí títí, ó ní, "Olówó orí mi, ẹ̀yin tí ẹ ń sáré lọ sí Èkó, ẹ ò tíì dé balùwẹ̀."

Ìlú tó bá rí ọ lórí eré, á bá ọ wá oògùn. Ìyá ẹlẹ́kọ fi àdín ránṣẹ́. Ọlọ́kadà gbé àgbo wá. Ẹnìkan ní kí n fi omi gbígbóná jó o, ẹlòmíràn ní omi dídì ni. Kí ẹnikẹ́ni má baà bínú, mo ṣe gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Àlàájì ló la ojú mi. Mo ti kọ́kọ́ kọjá níwájú Yunifásítì Bowen láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan dúró, mo sì sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé kí wọ́n lè rí mi. Nígbà tí mo padà sí àdúgbò, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kirun àsùbáà tán. Àlàájì ọ̀hún, bàbá arúgbó kan, jókòó síwájú ilé wọn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. A kì í sáré kọjá lára àgbà. Mo dọ̀bálẹ̀. Bí mo ṣe nà gbalaja ni pajápajá mú mi lẹ́yìn ẹsẹ̀. Mi ò lè dìde.

Bàbá rò pé ìtẹríba ni. "Irú ọmọ báyìí ti wọ́n lóde òní," ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. "O ò ní kú ní rèwerèwe."

"Áà... àmín!"

Bí mo ṣe ń kérora ni wọ́n ń rò pé àmín mi ń ti ọkàn wá, ni àdúrà bá ń gùn sí i. Wọ́n ṣe é fún àwọn ọmọ mi, wọ́n ṣe é fún ìyàwó mi. Àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí dúró, wọ́n ń bá wa ṣe àmín. Àdúrà ti dé orí àwọn olórí orílẹ̀-èdè kí ẹsẹ̀ mi tó tú.

Àbúrò kan tó ń ṣiṣẹ́ fisiotẹ́rápì gbọ́ ìtàn yìí, ó rẹ́rìn-ín tán, ó bi mí léèrè. "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ń sáré, ṣé ẹ máa ń lè sọ̀rọ̀?"

"Ta ni mo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀?"

"Gbogbo ẹni tí ẹ bá pàdé. Bí ẹ ò bá lè kí èèyàn délẹ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ, eré yẹn ti pọ̀ jù fún yín."

Ó ní bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún eré tí àwọn ògbóǹtarìgì ń sá nígbà ìmúrasílẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Nínú wọn la ti rí ẹni tó sá kìlómítà 42.195 ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35, ìyẹn Kelvin Kiptum ọmọ Kenya, ní Chicago lọ́dún 2023. Èmi tí mò ń sáré àṣekú torí ìyá ẹlẹ́kọ, àṣé ìkíni tí mò ń sá fún gan-an ni oògùn.

Mo ra nọ́ńbà 45. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí Ìwó délẹ̀. Ẹ kú ọyẹ́ o, ṣé dáadáa la jí? Ilé ńkọ́? Ọjà àná ńkọ́? Ẹni tó bá ń béèrè gbogbo ìyẹn kò lè bá ọkadà du ọ̀nà. Ojúgun ti rọlẹ̀, gìgísẹ̀ náà ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Ìyọnu tó kù ni pé oòrùn ti máa ń yọ kí n tó kúrò ládùúgbò wa.

Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ bá bá mi dé Èkó, tí àwọn ọmọ Kenya ti gba ẹ̀bùn lọ sílé, tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà fún mọ́tò, tí ẹ wá rí ọkùnrin kan tó ń bi ọlọ́pàá ojú pópó léèrè àlàáfíà ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ambúláǹsì. Eré ló ń sá.