Igi Gogoro Lórí Gèlè Màmá Ìyàwó

"Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó." Àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò mọ kámẹ́rà, síbẹ̀ ó jọ pé onífọ́tò òde ìgbéyàwó ni wọ́n ń bá wí. Ẹ wo irú onífọ́tò bẹ́ẹ̀ kan ní Ìbàdàn, lọ́sàn-án Sátidé. Màmá ìyàwó dúró nínú aṣọ òkè, gèlè rẹ̀ ga, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni òpó kánópì kan nà ró, bí ẹni pé àárín gèlè ló ti hù. Ìṣísẹ̀ méjì péré sí apá òsì, òpó náà ì bá ti yẹ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Onífọ́tò wa kò yẹsẹ̀. Ó tẹ kámẹ́rà, ó ní, "Ẹ ṣeun mà, màá tún un ṣe nílé."

Ilé ni eré wà. Lóru ọjọ́ náà ó gbé fọ́tò sórí Lightroom, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, ó tẹ R láti gé etí rẹ̀, ìlà mẹ́rin sì yọ, wọ́n pín àwòrán sí ojú mẹ́sàn-án bí fèrèsé. Ó gbé ojú Màmá sí oríta tí ìlà méjì ti pàdé. Òpó ṣì wà níbẹ̀. Ó tẹ O, àwọn ìlà dábùú dé. Ó tún un tẹ̀, onígun mẹ́ta dé. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí ìlà kan tó ká bí ìkarahun ìgbín fi bo Màmá lójú, ìdí ìgbín náà sì bọ́ sórí kúlà ìrẹsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tẹ Shift mọ́ O, ìgbín yí padà. Igun mẹ́rin ló lè dojú kọ, ọ̀nà méjì ní igun kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ní ọ̀nà mẹ́jọ láti fi wá ènìyàn kiri, kò ní ṣàì rí nǹkan kan mú. Ó rí etí Màmá mú, inú onífọ́tò sì dùn bí ẹni tó rí owó he.

Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rin ìhòòhò wọjà. Onífọ́tò wa ṣì ń yan àwọ̀ aṣọ.

Bẹ́ẹ̀ òfin ìdá-mẹ́ta tó ń forí balẹ̀ fún yìí kì í ṣe ti kámẹ́rà rárá. John Thomas Smith, ará Lọ́ńdọ̀nù tó ń fín àwòrán, ló sọ ọ́ lórúkọ nínú ìwé rẹ̀, Remarks on Rural Scenery, ní 1797. Àwòrán igbó àti pápá ló ń sọ: kí sánmà gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, tàbí kí ó gba ìdá kan, kí ilẹ̀ gba ìyókù. Ọdún 42 ṣì kù kí wọ́n tó kéde iṣẹ́ Daguerre ní Paris ní 1839. Ohun tí Smith fi "nǹkan bí" sọ ni kọ̀ǹpútà wá fi ìlà tín-ín-rín fà, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ di òfin ìlú.

Àwọn mìíràn ní ìdá-mẹ́ta kì í ṣe ti ọ̀mọ̀ràn, ìpín 1.618 tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ ti mọ̀ ni kí a tẹ̀ lé. Ìlà ti àkọ́kọ́ wà ní ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún, ti èkejì ní 38.2. Lórí fóònù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méje, ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta. Ìdajì hóró ìrẹsì ni wọ́n ń torí rẹ̀ bú ara wọn.

Henri Cartier-Bresson, onífọ́tò ọmọ ilẹ̀ Faransé, kórìíra kí ẹnikẹ́ni gé etí fọ́tò òun. Síbẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó lókìkí jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni èyí tó gé fúnra rẹ̀: ọkùnrin kan tó ń fò kọjá omi adágún lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Saint-Lazare ní Paris, ní 1932, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan omi. Àárín pátákó ọgbà ló ti ki lẹ́ńsì. Àlàfo náà kò gba lẹ́ńsì tán, pátákó sì bo apá òsì. Igi gogoro gidi rèé! Ó gé igi kúrò, ó fi ọkùnrin náà sílẹ̀. Lónìí, wọ́n ń fi ìkarahun ìgbín lé fọ́tò yẹn lórí láti fi kọ́ ọmọdé, bí ẹni pé baba náà rí ìgbín kó tó rí ọkùnrin tó ń fò.

Nílé níbí ńkọ́? J. D. 'Okhai Ojeikere, onífọ́tò tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí obìnrin ní 1968. Ó ya irun onílé gogoro ní 1975: obìnrin kọ̀yìn sí kámẹ́rà, orí rẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn. Ní 2013 irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ wà níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá ti Venice, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n sún orí náà sí ẹ̀gbẹ́. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé nípa fọ́tò Yorùbá ní 1978, rí i bí àgbà ṣe ń jókòó: ó kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, ọwọ́ lórí itan, aṣọ tẹ́ rẹrẹ, ara pé látorí dẹ́sẹ̀. Baálé ilé tó jókòó sáàárín ilé rẹ̀, ta ni yóò ní kó sún sí ìdá kan nínú mẹ́ta?

Ìlà ọ̀hún kò kúkú ṣẹ̀. Inú fóònù pàápàá ni a ti lè tàn án kí a tó tẹ kámẹ́rà, ó sì dára fún ẹni tí ilé máa ń dà wó nínú fọ́tò rẹ̀. Òkèèrè nìyẹn.

Àtúnṣe ẹ̀yìn ló ń náni lówó. Kámẹ́rà onífọ́tò wa ń kó píksẹ́lì mílíọ̀nù 24, 6000 ní ìbú, 4000 ní òró. Láti lé òpó jáde, ó fa orí àpótí tó fi ń gé e wálẹ̀, ó fa ẹ̀gbẹ́ wọlé, títí ìbú fi ku 3000, òró ku 2000. Mílíọ̀nù mẹ́fà ló ṣẹ́kù, ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde kó hàn kedere, ní píksẹ́lì 300 sí ínṣì kan, èyí tí ì bá fẹ̀ tó 20 ínṣì ti di 10. Màmá sì ti kan ìṣó ńlá mọ́ ògiri pálọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà Màmá gba férémù lọ́wọ́ onífọ́tò, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Onífọ́tò, gèlè mi dà?"

"Mà, oríta ìdá-mẹ́ta ni mo fi ojú yín sí. Ẹ wo bí ó ṣe bá òfin mu."

"Ọmọ mi, mo sanwó fún ẹni tó wé gèlè yẹn o."

Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ gíláàsì, ó fi í sójú. Gèlè parí níbi tó ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ní igun ọ̀tún, kúlà ìrẹsì pé pérépéré, tòun ti ìdérí rẹ̀.