Sí Ọ̀gá Jeff Hawkins, Agbépákó-sápò

Ọ̀gá Jeff,

Ẹ má bínú pé ní gbangba ni mo ti ń bá yín ṣàwàdà. Ọ̀rọ̀ pákó yín ni kò jẹ́ kí n dákẹ́.

A gbọ́ pé kí Pilot, ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ yín, tó jáde ní 1996, pákó lẹ kọ́kọ́ gé ní gáréèjì ilé yín, tẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ títí ó fi wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Lẹ bá ń gbé e lọ sípàdé. Bí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ ráyè lọ́jọ́bọ̀, ẹ ó fa pákó yọ, ẹ ó wá mú igi tí àwọn ará Ṣáínà fi ń jẹun, tẹ́ ẹ ti gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣónṣó, ẹ ó máa fi kọ nǹkan sára rẹ̀. Ká ní Èkó lẹ wà, ẹbí ì bá ti gbé yín dé Yábàá.

Ṣùgbọ́n pákó yẹn ló gbọ́n jù nínú gbogbo yín. Ó jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ kó sínú ẹ̀rọ. Kàlẹ́ńdà, àdírẹ́sì, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ráńpẹ́, àwọn ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí fóònù, kò sí ímeèlì, iná ojú rẹ̀ pàápàá kò sí. Tẹ bọ́tìnnì báyìí, nọ́ńbà tí o ń wá ti dé.

Ẹ̀rọ Newton ti Apple ló fọ́nnu ní 1993 pé òun á ka ìkọ̀wé gbogbo ayé; wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí dórí eré The Simpsons. (A ò tíì gbàgbé ẹ̀rọ Zoomer tiyín náà lọ́dún kan náà, ẹ má wojú mi.) Ẹ̀yin ní kí ẹ̀rọ sinmi, kí ọmọ aráyé lọ kọ́ ọ̀nà ìkọ̀wé Graffiti: A tí kò ní igi ìdábùú, lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ju ìfà kan lọ. Ẹ sọ àwọn ọ̀gá onítáì di ọmọ iléékéwú pẹ̀lú wàláà! Wọ́n sì kọ́ ọ. Èmi gbà pé ẹ jàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò rántí àmì abẹ́ ẹ àti ọ tiwa.

Ibi tí mo ti bá yín jà ni bátìrì. AAA méjì péré ni ẹ̀mí ẹ̀rọ olówó dọ́là 299 ní 1996. Ẹ gbàgbé rẹ̀ sínú báàgì kí bátìrì kú pátápátá, gbogbo orúkọ inú rẹ̀ ti wọmi nìyẹn, àfi tẹ́ ẹ bá ti gbé e sórí ìdúró rẹ̀, kó da ohun tó mọ̀ kọ sínú kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọ́n bá fi bírò kọ sára pákó, ṣé pákó gbàgbé?

Ẹ wá dá ilé-iṣẹ́ Numenta sílẹ̀ ní 2005, ẹ ní ẹ fẹ́ mọ bí ọpọlọ ṣe ń rántí nǹkan. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí bátìrì rẹ̀ wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ké sí wa kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.

Èmi ni,
Oníwèé-àti-bírò